Ọ̀pẹ̀lẹ̀, Ọpọlọ àti Iyè Inú Ẹ̀rọ

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa máa ń sọ pé Ifá ni kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ láyé. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa.

Àwẹ́ mẹ́jọ ni ó wà lára ọ̀pẹ̀lẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan lè kọjú sókè tàbí kí ó dojú bolẹ̀. Àwẹ́ kan ní ọ̀nà 2 tí ó lè gbà ṣubú, àwẹ́ méjì ní 4, mẹ́ta ní 8. Bí a bá kà á dé ẹ̀kẹjọ, yóò di 256, èyí tí í ṣe iye odù Ifá gan-an. Àyè mẹ́jọ bẹ́ẹ̀ náà ni ó wà nínú báìtì kan lórí kọ̀ǹpútà. Ìṣirò kan náà ni, ṣùgbọ́n èyí kò sọ Ifá di ẹ̀rọ.

Lójú tèmi, ibòmíràn ni ìfiwéra náà ti lágbára. Orí babaláwo ni ẹsẹ Ifá tí ó kọ́ wà. Orí yẹn kan náà ni ó fi ń ronú lé wọn. Kọ̀ǹpútà kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí John von Neumann ti kọ ìlànà rẹ̀ sílẹ̀ ní 1945, ibi ìpamọ́ wà lọ́tọ̀, ibi ìṣirò wà lọ́tọ̀, ìsọfúnni sì ń lọ ń bọ̀ láàárín wọn bí alájàpá. Ìrìn yìí ń jẹ iná púpọ̀.

Kwabena Boahen, ọmọ Ghana tí ó dàgbà ní Accra, wà lára àwọn tí ó wá ọ̀nà mìíràn. Ọ̀dọ̀ Carver Mead ni ó ti kẹ́kọ̀ọ́ gboyè ọ̀mọ̀wé ní 1997. Ní Stanford, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe Neurogrid, tí wọ́n ròyìn rẹ̀ ní 2014: ṣíìpù 16 tí ó ń ṣe àfarawé mílíọ̀nù kan sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ, tí kò sì jẹ ju wáàtì 3 lọ.

Ó wá ku ohun èlò. Ní 1971, Leon Chua sọ ọ́ nínú ìṣirò pé ó yẹ kí ohun kan wà tí yóò máa rántí iná tí ó ti gbà á kọjá. Ó pè é ní memristor. Ní 2008, àwọn onímọ̀ ilé iṣẹ́ HP kéde pé àwọn ti rí i nínú títáníọ̀mù dáyọ́ksáìdì, ohun kan náà tí ó ń sọ ọ̀dà ilé di funfun! Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n tẹ́ ẹ: nánómítà ni a fi ń wọ̀n ọ́n, mílíọ̀nù kan rẹ̀ ni ó sì wà nínú mìlímítà kan. Nítorí náà, púpọ̀ lè gba ibi tóóró, ó sì lè pa nǹkan mọ́ kí ó tún ṣírò níbi kan náà. Àwọn onímọ̀ kan ń jiyàn pé ohun tí HP rí kì í ṣe ohun tí Chua sọ. Síbẹ̀, bí iná bá lọ, kò gbàgbé. Ẹni tí ó bá ti ń tẹ iṣẹ́ lọ́wọ́ ní Iloffa tí iná sì lọ lójijì yóò mọ ìyì ìyẹn.