Ọlá Tí A Kò Kọ Sílẹ̀: Ìtàn Henry Johnson àti Ìwé Ẹ̀rí Rẹ̀

Nígbà tí ogun bá parí, ohun méjì ni ọmọ-ogun ń mú bọ̀ wá sí ilé: àpá tí ó wà ní ara rẹ̀, àti ìwé tí a fi tú u sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Àpá ń sọ̀rọ̀ níwọ̀n ìgbà tí ẹni tí ó ni ín bá wà láàyè. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti kú, ìwé nìkan ni ó kù tí yóò máa jẹ́rìí fún un. Bí ìwé náà bá pé, ọlá rẹ̀ pé. Bí ó bá sì ní àbùkù, àwọn ọmọ rẹ̀ yóò máa ròyìn ohun tí bàbá wọn ṣe, àwọn aláṣẹ yóò sì máa bi wọ́n léèrè pé, níbo ni a gbé kọ ọ́ sí? Ọ̀ràn irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni a fẹ́ gbé yẹ̀wò níhìn-ín. Ọmọ-ogun Amẹ́ríkà kan, Henry Johnson, ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ọdún 97 ni ó wà láàrin òru tí ó ja ìjà rẹ̀ àti ọjọ́ tí ìlú rẹ̀ fún un ní ẹ̀kún ọlá tí ó tọ́ sí i.

Ìlú Winston-Salem ní ìpínlẹ̀ North Carolina ni a bí Johnson sí, ní nǹkan bí ọdún 1892. Nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́, ó ṣí lọ sí Albany ní ìpínlẹ̀ New York, níbi tí ó ti ń ṣe alááàrù ní ibùdókọ̀ rélùwéè. Ní oṣù kẹfà ọdún 1917 ó wọ ẹgbẹ́ ọmọ-ogun kẹẹ̀ẹ́dógún ti New York, ẹgbẹ́ àwọn adúláwọ̀, èyí tí a sọ di ẹgbẹ́ 369 lẹ́yìn náà. Ní ìgbà náà, ìyàsọ́tọ̀ tí ó wà láàrin funfun àti dúdú nínú àwọn ọmọ-ogun Amẹ́ríkà le tóbẹ́ẹ̀ tí àwọn ọ̀gágun fi yọ̀ǹda ẹgbẹ́ yìí fún àwọn ará Faransé, kí wọ́n máa jà lábẹ́ àṣẹ wọn.

Ní òru ọjọ́ 14 mọ́jú ọjọ́ 15 oṣù karùn-ún ọdún 1918, Johnson àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí a ń pè ní Needham Roberts ń ṣọ́nà ní ìhà igbó Argonne. Nínú òkùnkùn ni wọ́n gbọ́ ìró ohun tí ń gé wáyà: àwọn ará Jámánì ni ó ń bọ̀, wọn kò sì dín ní 12. Kò pẹ́ tí Roberts fi gbọgbẹ́ tí kò lè dìde mọ́. Johnson ń ju àdó olóró títí wọ́n fi tán; ó gbé ìbọn rẹ̀, ìbọn há; ó yí ìdí ìbọn náà padà, ó sì ń fi í lu àwọn ọ̀tá bí ẹni tí ó di kùmọ̀ mú. Nígbà tí ó rí i pé wọ́n ń gbé Roberts lọ, ó fa ọ̀bẹ ńlá rẹ̀ yọ, ó sì dojú kọ wọ́n títí wọ́n fi fi ọ̀rẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ tí wọ́n sì sá. Ọgbẹ́ 21 ni ó gbà ní òru náà.

Àwọn ará Faransé kò fi ọ̀ràn náà falẹ̀ rárá. Wọ́n fún àwọn méjèèjì ní àmì-ẹ̀yẹ Croix de Guerre, wọ́n sì fi imọ̀ ọ̀pẹ oníwúrà kún ti Johnson. Ní ọjọ́ 17 oṣù kejì ọdún 1919, nígbà tí ẹgbẹ́ 369 padà dé New York, wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ gba ìgboro kọjá lọ sí Harlem, Johnson sì jókòó nínú ọkọ̀ tí a ṣí orí rẹ̀ sílẹ̀ kí gbogbo ènìyàn lè rí i. Ṣùgbọ́n ìhó ayọ̀ ìgboro kì í wọ inú ìwé. Nígbà tí a tú Johnson sílẹ̀, ìwé ìtúsílẹ̀ rẹ̀ kò sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nípa ọgbẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìjọba tirẹ̀ kò sì fún un ní àmì-ẹ̀yẹ kankan. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù keje ọdún 1929 ni ó kú, kò sì tí ì pé ẹni ogójì ọdún.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé òun nìkan ni irú èyí ṣẹlẹ̀ sí. Kọ́púrà Freddie Stowers, ọmọ-ogun adúláwọ̀ ti ẹgbẹ́ 371, kú ní ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án ọdún 1918, bí ó ti ń ṣíwájú àwọn ènìyàn rẹ̀ gun òkè kan ní ìhà Champagne. Láìpẹ́ lẹ́yìn ikú rẹ̀ a kọ̀wé dámọ̀ràn rẹ̀ fún Medal of Honor, àmì-ẹ̀yẹ tí ó ga jùlọ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n ìwé náà wà láìsí ẹni tí ó bojú tó o títí di ọdún 1990. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹrin ọdún 1991 ni Ààrẹ George H. W. Bush fi àmì-ẹ̀yẹ náà lé àwọn arábìnrin rẹ̀ méjì lọ́wọ́. Ṣáájú ọjọ́ náà, kò sí adúláwọ̀ kan tí ó gba á nítorí ogun 1914 sí 1918.

Ẹ kíyè sí ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin àwọn méjèèjì. Ní ti Stowers, ìwé wà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó ṣí i. Ní ti Johnson, ohun tí ó yẹ kí a kọ ni a kò kọ. Àtúnṣe ti èkínní ṣòro. Ti èkejì ṣòro jù ú lọ.

Àwọn àgbà ìsinsìnyí a máa wí pé, òyìnbó tí ó ṣe pẹ́ńsùlù náà ni ó ṣe ìrésà. Ní ọdún 1946 ni òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà la ọ̀nà sílẹ̀ fún ìgbìmọ̀ tí ń tún àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ-ogun ṣe. Ọmọ-ogun fúnra rẹ̀ lè mú ẹ̀bẹ̀ wá. Bí ó bá sì ti kú, àwọn ẹbí rẹ̀ lè mú un wá. Bí ó bá jẹ́ pé a ti fún un ní àmì-ẹ̀yẹ náà rí, tí akọ̀wé kàn fò ó, ọ̀ràn náà rọrùn: a ó wá àṣẹ àtijọ́ tí a fi fún un, a ó sì kọ ìwé àfikún kan tí yóò máa bá ìwé ìtúsílẹ̀ rẹ̀ rìn. A kì í fa ìwé ti ìṣáájú ya. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé kò sí ẹni tí ó dámọ̀ràn rẹ̀ rí, a ní láti wá ẹ̀rí àwọn tí ọ̀ràn ṣe ojú wọn. Ẹni tí ó mú ẹ̀bẹ̀ wá ni yóò ru ẹrù ẹ̀rí. Omijé kò tó, òkìkí kò sì tó.

Ẹ̀rí náà a sì máa ṣọ̀wọ́n. Ní ọjọ́ 12 oṣù keje ọdún 1973, iná sọ ní ilé tí a ń kó ìwé àwọn ọmọ-ogun pamọ́ sí ní St. Louis, ó sì jó ìwé bíi mílíọ̀nù 16 sí 18, tí a kò ní ẹ̀dà wọn níbòmíràn. Nínú ìwé àwọn ọmọ-ogun orí ilẹ̀ tí a tú sílẹ̀ láàrin ọdún 1912 àti 1959, ìdá 80 nínú 100 ni ó ṣègbé. Láti ìgbà náà ni àwọn òṣìṣẹ́ ti ń fi ìwé owó oṣù, ìwé ilé ìwòsàn àti ìwé ìròyìn òòjọ́ ẹgbẹ́ ọmọ-ogun ṣa ìtàn ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ ní ẹyọ ẹyọ.

Díẹ̀díẹ̀ náà ni a tún àkọsílẹ̀ ti Johnson ṣe. Ní ọdún 1996 a fún un ní Purple Heart, àmì-ẹ̀yẹ àwọn tí ó gbọgbẹ́ lójú ogun. Nígbà tí a bẹ̀bẹ̀ fún Medal of Honor, àwọn aláṣẹ kò gbà, nítorí pé ẹ̀rí tí a kọ ní ìgbà ìjà náà kò tó. Distinguished Service Cross, èyí tí ó tẹ̀ lé e, ni a fún un ní ọdún 2002. Lẹ́yìn náà, ní nǹkan bí ọdún 2011, òṣìṣẹ́ kan ní ọ́fíìsì Sẹ́nétọ̀ Charles Schumer rí ìwé kan tí Ọ̀gágun Pershing, olórí gbogbo ọmọ-ogun Amẹ́ríkà ní ilẹ̀ Faransé, kọ ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn ìjà náà, tí ó fi yin Johnson. Ìwé kékeré yìí ṣe ohun tí òkìkí kò lè ṣe. Ní òpin ọdún 2014 ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin mú ìdíwọ̀n àkókò kúrò nítorí rẹ̀, ní ọjọ́ kejì oṣù kẹfà ọdún 2015 Ààrẹ Barack Obama sì fi Medal of Honor dá a lọ́lá.

Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbà á? A wá ìbátan rẹ̀ títí, a kò rí ẹni tí a lè fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Sájẹ́ńtì àgbà kan nínú àwọn ọmọ-ogun New York, Louis Wilson, ni ó na ọwọ́ gba á ní ipò rẹ̀. Èyí ni owó tí ìdádúró ń gbà: òtítọ́ dé, kò bá onílé, kò sì bá ọmọ onílé.

Ní ọdún 2023, a sọ àgọ́ ọmọ-ogun ńlá kan ní Louisiana ní Fort Johnson nítorí rẹ̀. Ní ọdún 2025 a tún mú orúkọ náà kúrò, ó padà di Fort Polk. Orúkọ ẹnu ọ̀nà lè yí padà bí ìjọba ti ń yí padà. Ṣùgbọ́n ohun tí a fi ẹ̀rí kọ sínú ìwé ìtàn iṣẹ́ Johnson wà níbẹ̀ síbẹ̀, ẹni tí ó bá fẹ́ lè kà á.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má ṣe fi ojú kékeré wo iṣẹ́ akọ̀wé. Kì í ṣe ẹni tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ jà nìkan ni ó ń dá ìtàn sí. Ẹni tí ó kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ kejì, tí ó kọ orúkọ, ọjọ́ àti ibẹ̀ ní pípé, bá a dá a sí. Ẹ kọ ohun tí ẹ rí nígbà tí ojú tí ó rí i ṣì là. Ẹ tọ́jú ìwé àwọn bàbá yín, ẹ ṣí wọn wò, kí ẹ sì béèrè ohun tí ó kù nínú wọn nígbà tí ẹni tí ó lè dáhùn ṣì wà láàyè.