Àlejò Àná, Onílé Òní: Ìtàn Àwọn Tí Ó Ṣí Wá sí Ọ̀tà

Ìfáárà

Bí a bá dúró ní Joju ní Ṣàngó-Ọ̀tà ní òwúrọ̀ kùtù, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ń wọkọ̀ lọ sí ilé-iṣẹ́, ó ṣeé ṣe kí a gbọ́ èdè Ẹ̀gùn, Ìgbò, Ìdómà àti Ẹ̀bìrà kí a tó gbọ́ ẹ̀ka-èdè Àwórì, èyí tí í ṣe èdè àwọn onílẹ̀. Ohun tí èyí fà ni pé àwọn kan ń sọ pé àlejò ti gba ìlú mọ́ onílé lọ́wọ́. Àwọn mìíràn sì ń dáhùn pé bí kò bá sí ti àlejò, ta ni ìbá mọ Ṣàngó-Ọ̀tà?

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ yẹ ìtàn Ọ̀tà wò láti mọ irú ẹni tí à ń pè ní àlejò. Èrò wa ni pé ‘onílé’ àti ‘àlejò’ kì í ṣe ẹ̀yà ènìyàn méjì. Ipò méjì ni wọ́n, ẹnì kan náà sì lè bá ara rẹ̀ nínú méjèèjì. Lẹ́yìn èyí ni a óò mẹ́nu ba ohun tí ọ̀rọ̀ náà fi kan àwa olùkọ́ àti olùdánwò.

Àlejò, Àjòjì àti Àtìpó

Yorùbá kò da àwọn ọ̀rọ̀ yìí pọ̀. Àlejò ni ẹni tí ó wọ̀ sọ́dọ̀ wa, tí a sì jẹ ní gbèsè ìtọ́jú. Àjòjì ni ẹni tí a kò mọ̀, tí òun náà kò mọ ìṣe wa. Àtìpó ni ẹni tí ó ń gbé láàrin wa tí ó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n tí a kò kà mọ́ ọmọ bíbí ìlú. Òwe tí ó ní àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi í ríran kì í ṣe èébú. Ohun tí ó ń sọ ni pé onílé ni ó yẹ kí ó la àlejò lójú.

Láyé àtijọ́, ọ̀nà wà tí àlejò fi ń di ará ìlú. Yóò lọ rí ọba tàbí baálẹ̀, wọn yóò fún un ní ilẹ̀ tí yóò máa ro, òun náà yóò sì máa san ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dọọdún. Ìṣákọ́lẹ̀ yìí kì í ṣe owó tí a fi ra ilẹ̀. Ẹ̀rí ni pé ó mọ̀ pé ilẹ̀ ní olówó. Bí ó bá pẹ́, àwọn ọmọ rẹ̀ yóò fẹ́ ọmọ onílùú, àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ yóò sì di ẹni tí a ń kí ní oríkì ìyá wọn.

Àwọn Tí Ó Kọ́kọ́ Dé

Àwọn Àwórì tí í ṣe onílẹ̀ náà kò sọ pé inú ilẹ̀ ni àwọn ti hù jáde. Ìtàn àtẹnudẹ́nu wọn sọ pé Ọlọ́fin Ògúnfúnminírè kúrò ní Ilé-Ifẹ̀, ó gbé àwo lé orí omi, ó sì ń tẹ̀lé e lẹ́bàá odò Ògùn títí àwo náà fi rì ní Ìṣẹrì. Wọ́n ní ‘àwo rì’ yìí ni ó di Àwórì. Bí akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn bá tilẹ̀ kọ̀ láti gba ti àwo gbọ́, kókó kan wà níbẹ̀ tí kò ṣeé fojú fò: àwọn onílẹ̀ fúnra wọn fi orúkọ ara wọn jẹ́rìí pé ìrìn ni àwọn rìn dé.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó wá lẹ́yìn wọn ni ó wá pẹ̀lú àlàáfíà. Àwọn Ẹ̀gbá tí ogun lé kúrò nílé, tí wọ́n tẹ Abẹ́òkúta dó ní 1830, ń wá ọ̀nà dé etí òkun. Ní nǹkan bí 1842 ni wọ́n ṣẹ́gun Ọ̀tà, ìlú náà sì bọ́ sábẹ́ wọn. Ìsáǹsá ogun àná ni ó di ajagun lórí ilẹ̀ ẹlòmíràn. Ẹni tí ó bá fẹ́ yin àwọn tí ó ṣí kiri kò gbọdọ̀ fo ibí yìí.

Àwọn Sàró ni ó tún tẹ̀ lé wọn. Láti 1839 ni àwọn tí a ti kó lẹ́rú, tí a sì dá sílẹ̀ sí Sàró, ti ń padà wálé díẹ̀díẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni James White, tí a bí ní Sàró fún àwọn òbí tí wọ́n jẹ́ ọmọ Òwu. Ìjọ C.M.S. rán an sí Ọ̀tà ní àárín àwọn ọdún 1850, ibẹ̀ ni ó sì ti ṣiṣẹ́ títí ó fi kú ní 1890. Kì í ṣe Àwórì, Ọ̀tà kì í ṣe ìlú baba rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ó ń kọ sínú ìwé ìròyìn iṣẹ́ rẹ̀ wà lára ohun tí àwọn onímọ̀ bíi J.D.Y. Peel lò láti mọ bí àwọn ará Ọ̀tà ṣe ń gbé ayé wọn nígbà náà. Àlejò ni ó bá onílé tọ́jú ìrántí rẹ̀.

Ìgbà Ilé-iṣẹ́

Nígbà tí a dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 1976, Èkó ti kún, ilẹ̀ ibẹ̀ sì ti wọ́n. Ọ̀tà wà létí Èkó gan-an, ọ̀nà Ìdí-Ìrókò tí ó lọ sí Ilẹ̀ Olómìnira Benin sì gba ibẹ̀ kọjá. Kò yani lẹ́nu, nígbà náà, pé ibẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ irin, oúnjẹ, ike àti oògùn pọ̀ sí. Ní 1978, Òfin Lílo Ilẹ̀ fi ilẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Ní 1979, àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fọwọ́ sí àdéhùn pé ará ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà lè wọ orílẹ̀-èdè ara wọn láìgba físà fún àádọ́rùn-ún ọjọ́. Bíríkìlà wá láti Àjàṣẹ́, oníṣòwò wá láti ilẹ̀ Ìgbò, àwọn ará Íńdíà, Lẹ́bánọ́ọ̀nù àti Ṣáínà wá dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀. Nínú ìkànìyàn 2006, iye ènìyàn tí ó wà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà lé ní ìdajì mílíọ̀nù.

Ohun tí ó sọnù ní àsìkò yìí ni àjọṣe tí ìṣákọ́lẹ̀ dúró fún. Àlejò ayé òde òní fi owó ra ilẹ̀, ó gba ìwé, kò sì mọ baálẹ̀. Àwọn ọmọ onílẹ̀ pẹ̀lú kò rí i bí àlejò mọ́, bí kò ṣe bí ẹni tí a óò gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà ìpìlẹ̀, nígbà òrùlé àti nígbà ìṣílé. Ọ̀pọ̀ ìjà tí à ń gbọ́, àìsí àjọṣe yìí ni ó fà á ju àìmọ èdè ara ẹni lọ.

Nígbà Tí Àwa Náà Jẹ́ Àlejò

Kí ó má baà dà bí ẹni pé onílé nìkan ni Yorùbá ń jẹ́, ẹ jẹ́ kí a rántí Gánà. Ní ọjọ́ 18, oṣù kọkànlá, ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àjòjì tí kò ní ìwé ìgbélùú wá a láàrin ọ̀sẹ̀ méjì tàbí kí ó jáde. Yorùbá pọ̀ nínú àwọn tí ó kàn: àwọn oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìlọrin, Ìníṣà àti Ṣakí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wọn ni a bí sí Gánà, tí wọ́n ń ‘padà’ sí ilé tí wọn kò rí rí.

Ní ọjọ́ 17, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1983, ìjọba Nàìjíríà náà fún àjòjì tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì láti jáde. Àwọn ará Gánà ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ó lọ. Báàgì tí wọ́n kó ẹrù sí ni à ń pè ní ‘Ghana Must Go’ títí di òní. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fún wa, ọ̀sẹ̀ méjì náà ni a fún wọn. A gbé báàgì náà lọ́wọ́ lójoojúmọ́, a kì í sì í ronú pé àpò ẹkún ẹlòmíràn ni.

Ohun Tí Ó Kan Olùkọ́ àti Olùdánwò

Ní kíláàsì tí ó wà ní irú agbègbè Joju, ọmọ tí ń sọ Ẹ̀gùn nílé, ọmọ Ìgbò àti ọmọ Àwórì ni wọ́n jọ jókòó ti ara wọn. Bí a bá ní kí ọmọ kọ àròkọ lórí ‘Oríkì Orílẹ̀ Mi’, àwọn kan yóò dákẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí wọ́n kọ nípa ‘Bí Àwọn Òbí Mi Ṣe Dé Ibi Tí À Ń Gbé’, kò sí ẹni tí kò ní nǹkan sọ. Ìbéèrè kejì yìí kò dín Yorùbá kù. Ó ń mú kí ọmọ àlejò fi Yorùbá sọ ìtàn ara rẹ̀.

Ẹ̀wẹ̀, kí a má fi ìtọ́jú àlejò pa onílé lára. Ẹ̀ka-èdè Àwórì ń dínkù lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́. Ó yẹ kí olùkọ́ rán akẹ́kọ̀ọ́ sí àwọn àgbà Ọ̀tà láti kọ ọ̀rọ̀ àti ìtàn wọn sílẹ̀. Kí olùdánwò pẹ̀lú mọ ìyàtọ̀ láàrin àṣìṣe àti ìlò ẹ̀ka-èdè, kí ó má fi ojú kan náà wò wọ́n.

Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé àwo ni ìtàn fi gbé Àwórì dé, ogun ni ó gbé Ẹ̀gbá dé, ìdáǹdè ni ó gbé James White dé, iṣẹ́ sì ni ó gbé àwọn ará Joju dé. Ọmọ tí a bí sí Joju lónìí, tí bàbá rẹ̀ wá láti Àjàṣẹ́, ni ẹni tí àlejò ọ̀la yóò bèèrè ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kù sọ́wọ́ wa láti rí i pé Yorùbá ni yóò fi júwe ọ̀nà náà, àti pé yóò mọ orúkọ àwọn tí ó ni ilẹ̀ tí ó dúró lé.