Ahá, Ife àti Tọ́ńbìlà: Ohun Tí Àwọn Baba Wa Fi Ń Mu Omi

Ẹ̀yin olùkàwé mi, níbi ìdána kan tí mo lọ láìpẹ́ yìí, wọ́n fi igbá bu ẹmu fún àwọn àgbà, wọ́n sì to gíláàsì ẹlẹ́sẹ̀ gíga síwájú àwọn ọ̀dọ́. Alága ìdúró fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ẹ̀fẹ̀. Ó ní àwọn baba wa ń fi igbá mu ẹmu nítorí pé wọn kò mọ ohun tí ń jẹ́ gíláàsì títí òyìnbó fi dé. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, èmi náà sì rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo délé ni mo tó rò ó pé ọ̀rọ̀ tí a fi rẹ́rìn-ín yẹn kì í ṣe òótọ́.

Ibì kan wà ní Ilé-Ifẹ̀ tí à ń pè ní Igbó Olókun. Leo Frobenius, ará Jámánì, dé ibẹ̀ ní ọdún 1910, ó sì rí àfọ́kù ìkòkò tí gíláàsì yíyọ́ lẹ̀ mọ́ nínú. Fún ìgbà pípẹ́ ni ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé fi gbà pé gíláàsì òkè òkun ni àwọn ará Ifẹ̀ ń rà, tí wọ́n kàn ń tún un yọ́. Nígbà tí ó yá, awalẹ̀pìtàn kan tí ó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, Abidemi Babalola, gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ ní ọdún 2011 àti 2012. Ó kó ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tí ó ju 12,000 lọ, àti àfọ́kù ìkòkò ìyọ́gíláàsì tí ó ju 800 lọ. Ìwádìí tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní ọdún 2017 fi hàn pé èròjà inú gíláàsì náà kò bá ti ilẹ̀ Lárúbáwá tàbí ti Yúróòpù mu. Nílé ni wọ́n ti ṣe é, láàárín ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún, nígbà tí ọkọ̀ òyìnbó kò tíì gúnlẹ̀ sí èbúté wa.

Èéṣe, nígbà náà, tí wọn kò fi gíláàsì yìí ṣe ohun ìmumi? Èrò tèmi ni pé kò sí ohun tí ó mú un pọn dandan fún wọn. Gíláàsì yíyọ́ ń jẹ igi ìdáná, ó ń jẹ àkókò, ọwọ́ díẹ̀ ni ó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tí ó bá náni tó bẹ́ẹ̀, orí ọba àti ọrùn ìjòyè ni ó yẹ. Ìlẹ̀kẹ̀ ni wọ́n fi í ṣe, sẹ̀gi aláwọ̀ aró sì wà lára èyí tí ó níyì jù lọ. Omi mímu kò béèrè irú ìnáwó bẹ́ẹ̀ níbi tí igbá ti ń fà lára ọgbà.

Igbá pàápàá ní iṣẹ́ tirẹ̀. Bí èso rẹ̀ bá gbó, tí èèpo rẹ̀ sì le, a ó là á sí méjì, a ó sè é tàbí kí a rì í sínú omi títí ohun inú rẹ̀ yóò fi rà, a ó ha á mọ́, a ó sì sá a sóòrùn. Èyí tí ó tóbi di igbá tí à ń gbé lọ sọ́jà. Èyí tí ó kéré di ahá, tí à ń fi bu omi tútù láti inú amù. Èyí tí ó gùn lọ́rùn ni a kì í là; orí rẹ̀ nìkan ni à ń gé, ó sì di akèrègbè ẹlẹ́mu. Ní Ọ̀yọ́, àwọn afíngbá ń fi ọ̀bẹ ya oríṣiríṣi ọnà sí i lára títí ẹni tí ó ni ín kò fi ní fẹ́ kí omi kàn án. Ẹ bu ẹ̀kọ gbígbóná sínú ahá, ọwọ́ kò ní jó yín; ẹ bu ú sínú ife onírin, ètè yín yóò sọ fún yín. Níbi ẹmu, igbá kan lè yí ọwọ́ ká: ẹni tí ó gbé ẹmu kalẹ̀ yóò kọ́kọ́ tọ́ ọ wò kí ọkàn àwọn yòókù lè balẹ̀, ẹni tí ó kéré jù níbẹ̀ ni yóò sì máa bù ú.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù lára igbá ni pé bí ó bá sán, a lè fi okùn rán an. Ọ̀rọ̀ yìí wọ inú ìtàn ìjọba wa. Nínú ìwé ìtàn Samuel Johnson, tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, a kà á pé nígbà tí àwọn ìjòyè kọ Aláàfin Aólẹ̀ ní òpin ọ̀rúndún kejìdínlógún, igbá òfìfo tí a dé lórí ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí i. Ó mọ ìtumọ̀ rẹ̀: ikú ni. Kí ó tó kú, ó ta ọfà káàkiri láti fi àwọn ènìyàn rẹ̀ gégùn-ún, ó sì fọ́ àwo amọ̀ mọ́lẹ̀. Àwo ni ó mọ̀ọ́mọ̀ yàn, kì í ṣe igbá, nítorí pé igbá tí ó fọ́ ṣeé rán, àwo tí ó fọ́ kò ṣeé tún ṣe. Ó fẹ́ kí èpè òun rí bẹ́ẹ̀.

Àwọn ohun ìmumi ti òkè òkun kò gba àlàyé púpọ̀. Tọ́ńbìlà ni ti omi. Èyí tí ó ní etí ni ti bíà. Èyí tí ó ní ẹsẹ̀ gíga ni ti wáìnì, ẹsẹ̀ náà ni a sì ń dì mú kí ọwọ́ má baà mú ọtí móoru. Ife tánńganran tí ó kún ilé àwọn ìyá wa ni ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo wádìí rẹ̀. Irin ni ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun dídán tí ó bò ó, gíláàsì ni, tí wọ́n yọ́ mọ́ irin náà lára nínú iná. Ìdí nìyẹn tí ó fi ń hó bí ó bá ṣubú, tí ojú ibẹ̀ sì ń dógùn-ún. Ní báyìí, ife ike ti gba ipò gbogbo wọn.

Ẹ kíyè sí èdè wa pẹ̀lú. Èyí tí a fi ń gbé ọtí, ìgò ni. Èyí tí a fi ń wojú, dígí ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá fẹ́ dárúkọ ohun tí àwọn ará Ifẹ̀ ń yọ́ ní Igbó Olókun, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni à ń yá. Èyí dùn mí ju ẹ̀fẹ̀ alága lọ.

Igbá ní tirẹ̀ bá àwọn ènìyàn wa kọjá òkun. Ní Brazil, àwọn ẹlẹ́sìn Candomblé ṣì ń pe ojúbọ òrìṣà ní igbá. Ní Cuba, àwọn olórìṣà ń fi ohun tí wọ́n ń pè ní jícara ta omi tútù sílẹ̀. Bí igbá ni ó rí, ṣùgbọ́n orí igi ni èso tirẹ̀ ń so, kì í ṣe ara ìtàkùn bíi tiwa.

Mo fẹ́ kí ẹ ràn mí lọ́wọ́: kí ni ẹ̀ ń pe ahá ní ìlú tiyín, ta ni ó sì tún ń gbin igbá níbẹ̀?