Owó Ìfẹ̀yìntì àti Ìkọ̀sílẹ̀ ní Agbègbè Asese: Ìtàn Àpò Méjì Nínú Ilé Kan

Ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, níbi tí Asese, Mowe àti Ibafo wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Òwódé, tí Ifọ̀ sì wà ní ìwọ̀-oòrùn wọn, ó ti jẹ́ ìlànà láti ayé àwọn baba ńlá pé ọkọ àti aya kì í da ohun ìní wọn pọ̀. Ilẹ̀ tí ọkọ ń dáko lé jẹ́ ti ìdílé rẹ̀, aya kò sì ní ìpín níbẹ̀, àmọ́ aya ló ni èrè òwò tirẹ̀, ìbáà jẹ́ láfún ló ń ṣe láti ara pákí tí ọkọ rẹ̀ gbìn, ìbáà jẹ́ àdìrẹ ló ń rẹ láró, tó ń kó o lọ sọ́jà. Ọkọ tó bá rí ọwọ́ mú a máa fún ìyàwó rẹ̀ ní owó òwò, ìyẹn owó tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ ọjà títà, ṣùgbọ́n lẹ́yìn náà, àpò kálukú wà lọ́wọ́ kálukú.

Bí ìgbéyàwó bá tú ká, ohun tí àwọn àgbà ẹbí máa ń ṣírò ni owó orí, ìyẹn owó àti ẹrù tí ẹbí ọkọ san fún ẹbí ìyàwó nígbà ìdána. Ẹni tí obìnrin náà bá fẹ́ lọ fẹ́, tàbí ẹbí rẹ̀, ni yóò dá a padà fún ọkọ àkọ́kọ́; obìnrin yóò kó aṣọ rẹ̀, ìkòkò rẹ̀ àti owó òwò rẹ̀, àwọn ọmọ yóò sì wà lọ́dọ̀ baba wọn. Ohun tó jẹ́ ti ta ni wọ́n ń béèrè. Ohun tí àwọn méjèèjì jọ kó jọ kò sí nínú ẹjọ́ náà. Ìlànà yìí kò burú nígbà ayé rẹ̀, nítorí pé kò sẹ́ni tó fi owó pamọ́ síbì kan de ọjọ́ ogbó. Àwọn ọmọ ló ń bọ́ òbí tó ti darúgbó, obìnrin tó sì ti kúrò lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀ ṣì jẹ́ ìyá àwọn ọmọ náà, ẹ̀tọ́ rẹ̀ lára wọn kò sì bá ìkọ̀sílẹ̀ lọ.

Nígbà tí Ìjọba Ìṣọ̀kan Ẹ̀gbá bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1898, ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ àwọn àgbà, ó bọ́ sí kóòtù, àwọn obìnrin fúnra wọn sì ń gbé ẹjọ́ wá. Ìjọba náà pàdánù òmìnira rẹ̀ ní 1914, kóòtù ìbílẹ̀ sì bọ́ sábẹ́ àṣẹ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, àmọ́ owó orí náà ṣì ni ohun tí kóòtù ń kà. Ní 1957, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti àpapọ̀ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ nínú ẹjọ́ Suberu àti Sunmonu pé, lábẹ́ àṣà Yorùbá, aya kì í jogún ohun ìní ọkọ rẹ̀, nígbà tó sì di ọdún 1958, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn gbé ìlànà jáde lórí ìgbéyàwó, ìkọ̀sílẹ̀ àti ìtọ́jú ọmọ, èyí tí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ lè gbà lò. Àwọn ìdí tí a fi lè kọ ara ẹni sílẹ̀ àti iye owó orí tí a óò dá padà wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò kan owó tí ọkọ tàbí aya ń retí lọ́jọ́ iwájú.

Bẹ́ẹ̀, owó irú èyí ti ń wọ agbègbè náà. Ojú irin tó dé Ìbàdàn ní 1901 gba Ifọ̀ kọjá, àwọn ọmọ àgbẹ̀ sì di òṣìṣẹ́ olówó oṣù. Òfin ọdún 1951, tí wọ́n mú kó bẹ̀rẹ̀ láti 1946, ṣètò owó ìfẹ̀yìntì, tí àwọn òṣìṣẹ́ ń pè ní pẹ́ńṣọ̀n, fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, ṣùgbọ́n ọwọ́ gómìnà-àgbà ni àṣẹ rẹ̀ wà, kì í ṣe ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì bẹ̀rẹ̀ ní Ẹwẹ́kóró, nítòsí Ifọ̀, ní 1960. Ní 1961, ìjọba dá àpò ìfowópamọ́ sílẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ aládàáni, èyí tí òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ jọ ń dáwó sí. Orúkọ òṣìṣẹ́ nìkan ló wà lórí owó náà, òṣìṣẹ́ náà sì sábà máa ń jẹ́ ọkùnrin. Lórí ọ̀rọ̀ yìí ni ìlànà àpò méjì ti yí padà di ìrẹ́jẹ, nítorí pé ìyàwó ń fi èrè ọjà rẹ̀ ra oúnjẹ, ó ń san owó ilé-ìwé, nígbà tí apá kan owó ọkọ ń lọ síbi tí wọn kò ti lè ná an. Ti aya tán lórí ilé, ti ọkọ sì ń pọ̀ sí i.

Òfin Ẹjọ́ Ìgbéyàwó ti 1970 ló kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn. Abala 72 rẹ̀ fún Ilé-ẹjọ́ Gíga láṣẹ láti pín ohun ìní ọkọ tàbí aya bó ṣe rí i pé ó tọ́ tó sì yẹ, fún àǹfààní àwọn méjèèjì àti àwọn ọmọ, ìbáà jẹ́ ohun tó ti wà lọ́wọ́, ìbáà jẹ́ ohun tó ṣì ń bọ̀ wá bọ́ síni lọ́wọ́. Gbólóhùn kejì yìí ṣe pàtàkì gan-an, ó sì yẹ kí àwọn agbẹjọ́rò máa tẹnu mọ́ ọn, nítorí pé ohun tó ń bọ̀ wá bọ́ síni lọ́wọ́ gan-an ni owó ìfẹ̀yìntì. Nínú ẹjọ́ Kafi àti Kafi ní 1986, Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn ka ìrànlọ́wọ́ tí aya ṣe fún ọkọ àti ilé sí ohun tó tó gba ìpín, ṣùgbọ́n àwọn ẹjọ́ mìíràn wà tí adájọ́ ti béèrè rìsíìtì, kò sì wọ́pọ̀ kí obìnrin gba rìsíìtì lórí ata àti iyọ̀ fún ogún ọdún. Òfin náà tún ní ààlà, nítorí pé abala 69 yọ ìgbéyàwó yìgì àti ti ìbílẹ̀ kúrò. Àwọn tó ṣe alárédè, ìyẹn ìgbéyàwó tó bá òfin ìjọba mu, nìkan ló kàn.

Òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní 1978, àti Ibùdó Ìràpadà tí ìjọ Redeem bẹ̀rẹ̀ nítòsí Mowe ní 1983, ló sọ àwọn oko Asese àti Ibafo di ibi tí àwọn ará Èkó ń sá wá ra ilẹ̀. Àwọn tọkọtaya tó ń ṣiṣẹ́ oṣù ló pọ̀ nínú wọn, ilé-iṣẹ́ ńláńlá sì tẹ̀ lé wọn dé ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà náà. Lábẹ́ òfin ìfẹ̀yìntì ọdún 2014, tó rọ́pò ti 2004, ilé-iṣẹ́ aládàáni tó bá ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ wọ ètò náà: òṣìṣẹ́ ń fi ó kéré tán ìdá 8 nínú 100 owó oṣù rẹ̀ sínú àkáǹtì tirẹ̀, agbanisíṣẹ́ ń fi ìdá 10 kún un, ilé-iṣẹ́ alábòójútó sì ń fi owó náà dókòwò. Kò ṣeé fọwọ́ kàn kí ẹni náà tó fẹ̀yìn tì tàbí kó tó pé ọmọ 50 ọdún. Ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ṣáájú ìgbà náà, tí kò sì rí òmíràn láàárín oṣù 4, lè gba tó ìdá 25. Kò sí abala kan níbẹ̀ tó sọ bí wọ́n ṣe lè gé àkáǹtì sí méjì nígbà ìkọ̀sílẹ̀. Láti 2022, wọ́n gba òṣìṣẹ́ láyè láti fi tó ìdá 25 nínú àkáǹtì náà ṣe àsansílẹ̀ ilé tó fẹ́ fi owó yá rà, èyí tó túmọ̀ sí pé apá kan owó tó fara sin lè di bíríkì tí adájọ́ lè fojú rí, tó sì lè pín.

Àwọn Yorùbá tó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti rí ọ̀nà mìíràn. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá 2000, adájọ́ níbẹ̀ lè bu ìdá kan nínú pẹ́ńṣọ̀n ọkọ tàbí aya, kó sì di ti ẹnì kejì pátápátá. Ní oṣù Kẹwàá ọdún kan náà, ilé-ẹjọ́ wọn tó ga jù lọ sọ nínú ẹjọ́ White àti White pé kò gbọ́dọ̀ sí ojúsàájú láàárín ẹni tó ń mówó wálé àti ẹni tó ń tọ́jú ilé. Ní Amẹ́ríkà, òfin 1984 ti ṣe irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Àbúrò obìnrin tó ń gbé ní Peckham lè gba ìpín rẹ̀ nínú owó ọjọ́ ogbó, nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Asese, tó fi ìdána àti yìgì wọ ilé ọkọ, yóò lọ sí kóòtù ìbílẹ̀, níbi tí wọn yóò ti bi í nípa owó orí, ìtọ́jú àwọn ọmọ àti àwọn ẹrù rẹ̀.

Ètò pẹ́ńṣọ̀n kékeré tí ìjọba àpapọ̀ ṣí ní oṣù Kẹta 2019 fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti ọlọ́jà ti mú kí ìyálọ́jà ní Mowe lè ní àkáǹtì ìfẹ̀yìntì tirẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àpò méjì náà ló tún jẹ́, kò sì wúlò fún ẹni tí èrè rẹ̀ ti tán sórí oúnjẹ ilé kó tó di pé oṣù parí. Àtúnṣe tó yẹ kí àwọn aṣòfin ṣe kò ju méjì lọ: kí abala kan wọ inú òfin ìfẹ̀yìntì tí yóò fún ilé-ẹjọ́ láṣẹ láti gé iye tó wọ àkáǹtì láàárín ọjọ́ ìgbéyàwó àti ọjọ́ ìkọ̀sílẹ̀, kí wọ́n gbé ìpín náà sí orúkọ ẹnì kejì títí òun náà yóò fi fẹ̀yìn tì, àti kí àṣẹ yìí dé kóòtù ìbílẹ̀, níbi tí ẹjọ́ àwọn tí kò ṣe alárédè ń lọ.