Ìṣirò Tó Ń Gbé Ohùn: Láti Asọ̀rọ̀mágbèsì Èkó Dé Gwagwalada

Àwọn tó ń kọ ìtàn rédíò ní Nàìjíríà sábà máa ń ka àwọn ìjọba tó dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ àti àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó lókìkí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n ń ṣírò bí ohùn yóò ṣe pọ̀ tó kí ó tó jáde kì í sábà hàn nínú rẹ̀. Gwagwalada, ní Agbègbè Olú-ìlú Àpapọ̀, jẹ́ ibi tó yẹ láti fi wo iṣẹ́ yìí, nítorí pé níbẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ rédíò ìjọba àpapọ̀, FRCN, gbé ẹ̀rọ atàtagbà tó ń tan ohùn Àbújá káàkiri sí.

Máìkì ló ń sọ ohùn di iná mànàmáná tí kò tó nǹkan, áḿpílífáyà sì ni ẹ̀rọ tó ń sọ iná kékeré náà di ńlá. Iye ìgbà tí èyí tó jáde fi ju èyí tó wọlé lọ ni a ó pè ní ìlọ́po. Nígbà tí ètò asọ̀rọ̀mágbèsì bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1935, tí ó sì dé Ìbàdàn ní 1939, ètò BBC ni wọ́n ń gbà láti orí afẹ́fẹ́, tí áḿpílífáyà sì ń sọ di ńlá kí ó tó gba inú wáyà lọ sí ilé àwọn olùgbọ́. Fáàfù, irú èyí tí Lee de Forest ṣe ní 1906, ni wọ́n ń lò nínú áḿpílífáyà nígbà náà, ìlọ́po rẹ̀ sì máa ń yí padà bí ó bá ti ń gbó. Harold Black ní Amẹ́ríkà ló rí ojútùú sí ìṣòro yìí ní 1927: ó dá díẹ̀ nínú iná tó jáde padà sí ibi àbáwọlé ní ìdàkejì, ìlọ́po wá dínkù, ṣùgbọ́n ó dúró ṣinṣin, ìṣirò sì ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé.

Ọ̀dọ̀ máìkì ni ìṣirò náà ti bẹ̀rẹ̀: bí wọ́n bá fẹ́ ṣe òdiwọ̀n rẹ̀, ohùn tí a mọ ìwọ̀n rẹ̀ ni wọ́n máa ń fún un, èyí tó wọ́pọ̀ sì jẹ́ dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 94, ìyẹn ìtẹ̀sí Pascal 1. Bí máìkì bá mú mílífóòtì 2 wá, tí fóòtì 1 sì ni a ń fẹ́, ìlọ́po yóò jẹ́ 500. Lọ́gárídíìmù rẹ̀ ní ìgbà 20 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 54. A lè pín in sí ìpele méjì, 50 àti 10, tí ìwọ̀n wọn ní dẹ́síbẹ́ẹ̀lì jẹ́ nǹkan bí 34 àti 20, ṣùgbọ́n ìpele àkọ́kọ́ ló yẹ kí ó gba èyí tó pọ̀ jù, nítorí pé ìpele kọ̀ọ̀kan ló ń fi ariwo tirẹ̀ kún ohùn: bí ohùn náà bá ṣì kéré nígbà tó dé ìpele tó tẹ̀ lé e, ariwo ìpele náà yóò bò ó mọ́lẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ rédíò ìjọba, tó jẹ́ NBS (Nigerian Broadcasting Service) ní 1951, di NBC (Nigerian Broadcasting Corporation) ní 1957, ó sì di FRCN ní 1978. Nígbà tí olú-ìlú sì kúrò ní Èkó lọ sí Àbújá ní 1991, iṣẹ́ Gwagwalada di ara iṣẹ́ orílẹ̀-èdè. Síbẹ̀, bí agbára ẹ̀rọ atàtagbà ti wù kí ó pọ̀ tó, kò lè yọ ariwo tí ìṣirò tó kùnà ti fi sínú ohùn láti sítúdíò. Ṣe ni yóò gbé e lọ síwájú. Nítorí náà, ó yẹ kí yunifásítì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1988 gẹ́gẹ́ bí Yunifásítì Àbújá, tí ó ní ọgbà ní Gwagwalada, kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní ìṣirò yìí pẹ̀lú ẹ̀rọ ní ọwọ́ wọn, kí ìmọ̀ náà má baà parẹ́ pẹ̀lú àwọn àgbà tó kọ́kọ́ ṣe é.