Ìtàn Bíbomi Rin Ọ̀gbìn Láti Abẹ́ Ilẹ̀

Àwọn àgbà a máa wí pé omi kò ní ọ̀tá. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n omi ní olè púpọ̀. Bí àgbẹ̀ bá pọn omi dà sí ojú ilẹ̀ oko, oòrùn a gbé apá kan lọ, afẹ́fẹ́ a gbé apá kan, òmíràn a sì ṣàn lọ sí ibi tí a kò gbin nǹkan sí. Ìyókù ni gbòǹgbò ń mu, bẹ́ẹ̀ ni gbòǹgbò yìí gan-an ni a tìtorí rẹ̀ pọn omi. Nítorí náà ni ó ti ṣe pẹ́ tí àwọn ènìyàn ti ń wá ọ̀nà tí omi yóò fi gba abẹ́ ilẹ̀ tọ ọ̀gbìn lọ.

Àkọsílẹ̀ àtijọ́ kan lórí ọ̀rọ̀ yìí wá láti ilẹ̀ Ṣáínà. Fan Shengzhi kọ ìwé lórí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní ọ̀rúndún kìn-ín-ní ṣáájú ìbí Jésù. Odindi ìwé náà ti sọnù, ṣùgbọ́n àwọn òǹkọ̀wé tí ó tẹ̀lé e ti da apá kan rẹ̀ kọ sínú ìwé tiwọn. Ìlànà rẹ̀ kò le: kí àgbẹ̀ ri ìkòkò amọ̀ mọ́lẹ̀ títí ẹnu rẹ̀ yóò fi bá ilẹ̀ dọ́gba, kí ó rọ omi kún un, kí ó dé e, kí ó sì gbin kóró bàrà mẹ́rin yí i ká. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti fọwọ́ kan ara àmù rí nílé Yorùbá yóò mọ ìdí tí èyí fi ṣeé ṣe. Omi a máa yọ́ jáde lára amọ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí ilẹ̀ àyíká ìkòkò bá gbẹ, yóò fa omi náà mọ́ra. Bí ó bá rin, omi yóò dúró sínú ìkòkò. Àléébù rẹ̀ ni pé ìkòkò kan kò lè bọ́ ju irúgbìn díẹ̀ lọ.

Ní 1860, àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í fi páìpù amọ̀ dánra wò lábẹ́ ilẹ̀. Ní 1913, E. B. House ní Colorado, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, fún gbòǹgbò lómi lábẹ́ ilẹ̀, ó sì rí i pé ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n pé ìnáwó rẹ̀ pọ̀ jù fún àgbẹ̀. Ọgbọ́n ti wà. Páìpù tí kò wọ́n ni kò tí ì dé.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni páìpù oníke di ohun tí a ń rà ní owó pọ́ọ́kú. Èyí bọ́ sí àkókò fún Simcha Blass, onímọ̀ ẹ̀rọ omi tí a bí ní Warsaw ní 1897, tí ó sì ṣí lọ sí ilẹ̀ Palẹ́sítínì ní 1930. Gẹ́gẹ́ bí ìtàn tí ó sọ, ó rí igi kan tí ó ga ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tí ń bomi rin ín. Nígbà tí ó wa ilẹ̀ ibẹ̀, ó rí i pé oríkèé páìpù kan ń jò: ojú ilẹ̀ kò rin ju àyè kékeré lọ, ṣùgbọ́n nísàlẹ̀, omi ti tàn ká bí ìrísí àlùbọ́sà dé ọ̀dọ̀ gbòǹgbò. Bí a bá lu ihò tín-ín-rín sára páìpù, ìdọ̀tí a tètè dí i. Nítorí náà, Blass àti ọmọ rẹ̀ Yeshayahu jẹ́ kí omi gba ọ̀nà tí ó gùn, tí ó sì lọ́ bí ìkarahun ìgbín, títí agbára rẹ̀ yóò fi rọ̀ kí ó tó kán jáde. Ní 1965, àdéhùn wọn pẹ̀lú àwọn ará Hatzerim, abúlé àgbẹ̀ alájọni kan ní aṣálẹ̀ Negev, bí ilé-iṣẹ́ Netafim.

Orí ilẹ̀ ni a ń tẹ́ púpọ̀ nínú irú páìpù bẹ́ẹ̀ sí. Láti nǹkan bí 1959 ni àwọn kan ti ń ri tiwọn mọ́lẹ̀ ní California àti Hawaii, ṣùgbọ́n ohun tí ó fara sin nira láti tọ́jú. Gbòǹgbò a máa wọ inú ihò lọ dí i, eku a máa gé páìpù jẹ, àgbẹ̀ kò sì ní mọ̀ títí ewé yóò fi rọ. Ní àwọn ọdún 1980 ni ọ̀pọ̀ tún padà sí i. Ní 1989, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Kansas bẹ̀rẹ̀ ìdánwò lórí àgbàdo ní Colby, pẹ̀lú páìpù tí a rì tó nǹkan bí 40 sí 45 sẹ̀ǹtímítà. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, wọ́n rí i pé ìtọ́jú tí ó péye lè dín omi tí a ń fún àgbàdo kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin, láìjẹ́ kí ìkórè dínkù.

Ọ̀ràn náà kì í ṣe ti eré. Inú Ogallala, àgbájọ omi abẹ́ ilẹ̀ tí ó lọ láti South Dakota dé Texas, ni ìwọ̀-oòrùn Kansas ti ń fa omi, ní ọ̀pọ̀ ibi sì ni a ti ń fà á ju bí òjò ti ń dá a padà lọ. Síbẹ̀, ohun èlò nìkan kò lè dá omi sí. Ìwádìí kan tí ó jáde ní 2014 fi hàn pé nígbà tí àwọn àgbẹ̀ Kansas gba irú ẹ̀rọ ìfọ́nmi tí kì í fi omi ṣòfò, omi tí wọ́n ń fà tún pọ̀ sí i, nítorí wọ́n gbin irúgbìn tí ń mu omi jù, wọ́n sì bomi rin ilẹ̀ púpọ̀ sí i. Ẹ̀rọ wọn kì í ṣe ti abẹ́ ilẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ náà kan ti abẹ́ ilẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí ń fi ọwọ́ pọn omi kún ìkòkò mọ iye tí ó ti lò. Ẹ̀rọ kì í jẹ́ kí ènìyàn mọ̀ ọ́n lára. Páìpù abẹ́ ilẹ̀ lè gba omi lọ́wọ́ oòrùn, ṣùgbọ́n àwọn àgbẹ̀ àti àwọn tí ń ṣe òfin ilẹ̀ wọn ni yóò pinnu bóyá omi tí a gbà náà yóò kù fún àwọn ọmọ tí ń bọ̀ lẹ́yìn.