Bí Ẹ̀rọ Bá Kú, Kí Ló Kan Láísẹ́ǹsì? Lórí Gbígbé Sọ́fítíwíà Àtijọ́ Bọ́ Sórí Ẹ́múlétọ̀

Àwọn kọ̀ǹpútà SPARCstation tí ilé-iṣẹ́ Sun Microsystems bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní 1989 ní ṣíìpù kékeré kan nínú tí ẹ̀yìn rẹ̀ ga ju ti àwọn tó yí i ká lọ. Bátìrì lithium tí wọ́n dì mọ́ ọn lórí, tí wọ́n sì fi ike bò pa, ló mú un ga. Bátìrì yìí ló ń gbé aago ẹ̀rọ náà ró, òun náà ló sì ń tọ́jú báìtì 16 tí wọ́n ń pè ní IDPROM. Inú báìtì 16 yẹn ni gbogbo ohun tí ẹ̀rọ náà fi ń sọ pé èmi nìyí wà: irú ẹ̀rọ tó jẹ́, àdírẹ́sì tó fi ń wọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, nọ́ńbà tirẹ̀, àti báìtì kan ní ìparí tó ń jẹ́rìí pé àwọn 15 yòókù pé. Bátìrì náà á lò tó ọdún mẹ́wàá, ó lè fi díẹ̀ lé e. Lọ́jọ́ tó bá kú, ẹ̀rọ á ṣì tan, àmọ́ á kọ ọ́ sójú pé ohun tó wà nínú IDPROM òun ti dàrú. Irin rẹ̀ ò ṣe nǹkan kan. Orúkọ rẹ̀ ló gbàgbé.

Ẹni tó kàn ń fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tẹ lẹ́tà lè máà ka èyí sí. Ẹni tó fi owó gọbọi ra sọ́fítíwíà sí i ni ọ̀rọ̀ kàn. Láti ìparí àwọn ọdún 1980 ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta sọ́fítíwíà fún àwọn ẹnjiníà, irú èyí tí wọ́n fi ń ya àwòrán ilé, ti ẹ̀yà ọkọ̀ tàbí ti ṣíìpù fúnra rẹ̀, ti ń fi ètò láísẹ́ǹsì kan tó ń jẹ́ FLEXlm ṣọ́ ọjà wọn. Fáìlì kan, license.dat, ni oníbàárà máa ń gbà. Ìlà kan nínú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú SERVER. Orúkọ ẹ̀rọ ló tẹ̀lé e, hostid ẹ̀rọ náà, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ tó ń ti inú IDPROM jáde, ló kàn. Àwọn ìlà tí FEATURE tàbí INCREMENT ṣáájú ló ń sọ ohun tí wọ́n rà, ọjọ́ tí àṣẹ rẹ̀ máa parí bó bá ní ìparí, iye èèyàn tó lè lò ó lẹ́ẹ̀kan náà, àti kóòdù gígùn kan. Wọ́n ṣírò kóòdù yẹn pọ̀ mọ́ hostid. Bí lẹ́tà kan ṣoṣo bá yàtọ̀ nínú hostid, kóòdù ò ní bá a mu, sọ́fítíwíà ò sì ní ṣí.

Ìbéèrè tó délẹ̀ nìyí: bí ilé-iṣẹ́ tàbí ilé ìkàwé kan bá ní láísẹ́ǹsì tí kò ní ọjọ́ ìparí, tí ẹ̀rọ tí wọ́n kọ ọ́ sí sì ti kú, ṣé wọ́n lè gbé sọ́fítíwíà náà bọ́ sórí ẹ́múlétọ̀, ìyẹn ètò tó ń mú kọ̀ǹpútà òde òní ṣe bí ẹni pé òun ni ẹ̀rọ àtijọ́, kí wọ́n sì fún ẹ́múlétọ̀ náà ní hostid olóògbé? Ọ̀pọ̀ agbẹjọ́rò ilé-iṣẹ́ á ní rárá, nítorí pé ẹ̀rọ yìí, kì í ṣe òmíràn, ni ìwé àdéhùn dárúkọ. Èrò tèmi ni pé ìdáhùn yẹn ò tọ̀nà, àti pé inú ìṣe àwọn tó ta ẹ̀rọ náà fúnra wọn ni ẹ̀rí rẹ̀ wà.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń tún SPARCstation ṣe nígbà tó ṣì ń jẹ lójú ọjà. Bí bọ́ọ̀dù àárín rẹ̀ bá jó, ẹnjiníà tó wá tún un ṣe á gbé bọ́ọ̀dù tuntun wá. Kó tó kó ti àtijọ́ lọ, á yọ ṣíìpù oníbátìrì yẹn kúrò lára rẹ̀, á sì tẹ̀ ẹ́ sínú bọ́ọ̀dù tuntun. Ìdí rẹ̀ ò pamọ́: kí hostid má bàa yí padà, kí láísẹ́ǹsì oníbàárà má bàa bàjẹ́. Iṣẹ́ ojoojúmọ́ lèyí, inú ìwé àtúnṣe ló wà, kò sì sẹ́ni tó pè é ní olè. Bí fóònù èèyàn bá bọ́ sómi, SIM ló máa yọ sínú òmíràn; bí SIM náà bá ti bàjẹ́, á lọ ṣe welcome back, nọ́ńbà rẹ̀ á sì padà sọ́wọ́ rẹ̀. Nọ́ńbà lohun tó rà, kì í ṣe irin tó gbé e. Bọ́ọ̀dù tuntun tí Sun gbé wá yẹn ò ní ìsokọ́ra kankan pẹ̀lú èyí tí wọ́n kọ láísẹ́ǹsì sí, àfi ṣíìpù tó fò láti ibì kan sí ibòmíràn. Bí ìyẹn bá tọ́, ó ṣòro láti sọ ibi tí ẹ́múlétọ̀ ti kọjá ààlà.

Ọ̀nà tí ẹ́múlétọ̀ ń gbà ṣe é tún mú kí ọ̀rọ̀ náà yé ni. QEMU, tí Fabrice Bellard bẹ̀rẹ̀ ní 2003, lè ṣe bíi SPARCstation 5, 10 tàbí 20. Kò sí bátìrì nínú rẹ̀. Ìgbàkígbà tó bá tan ló ń to IDPROM tirẹ̀ jọ. Lẹ́tà méjì àkọ́kọ́ nínú hostid ń sọ irú ẹ̀rọ, 72 fún SPARCstation 20, 80 fún SPARCstation 5, QEMU á sì fi èyí tó bá ẹ̀rọ tí o yàn mu síbẹ̀. Lẹ́tà mẹ́fà tó kù, inú apá ìparí àdírẹ́sì nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ti ń mú un. Ẹ jẹ́ ká ní hostid tó wà nínú license.dat ni 725a1c3e. Ẹni tó ń gbé e á yan SPARCstation 20, á fún káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì ẹ́múlétọ̀ ní àdírẹ́sì 08:00:20:5a:1c:3e, á tan án, á sì tẹ àṣẹ hostid lórí Solaris, ètò ìṣiṣẹ́ Sun. 725a1c3e á jáde. FLEXlm á ka fáìlì rẹ̀, á ṣírò kóòdù rẹ̀, á rí i pé ó pé, á sì ṣílẹ̀kùn bó ṣe ń ṣí i ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan sọ́fítíwíà náà, kò sẹ́ni tó já àgádágodo.

Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí pé àwọn kan máa ń da gbígbé pọ̀ mọ́ fífọ́. Ẹni tó tú sọ́fítíwíà palẹ̀ kó lè fo ibi tó ti ń béèrè láísẹ́ǹsì ń ṣe ohun mìíràn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè ní ìdí tirẹ̀. Bákan náà lẹni tó ní láísẹ́ǹsì tó parí ní 1998, tó wá dá aago ẹ́múlétọ̀ padà sí 1997. Ìyẹn rọrùn gan-an lórí ẹ́múlétọ̀, ojúgbà mi kan sì ti bi mí rí bóyá ìyàtọ̀ kankan wà nínú kí aago parọ́ àti kí hostid parọ́. Ìyàtọ̀ wà. Ọjọ́ ìparí jẹ́ ara ohun tí oníbàárà sanwó fún: ọdún kan ló rà, ọdún kan ló gbà. Hostid kò díwọ̀n ohunkóhun tí wọ́n rà; ohun tí wọ́n fi ń rí i dájú pé ẹ̀rọ kan ni, kì í ṣe ogún, ló jẹ́. Ẹni tó dá aago padà gba ohun tí kò san. Ẹni tó gbé hostid rẹ̀ lọ sórí ẹ́múlétọ̀ ń bá a lọ lórí ohun tó ti san.

Àtakò tó lágbára jù wà níbẹ̀ ṣáá. Ṣíìpù kan ò lè wà nínú bọ́ọ̀dù méjì lẹ́ẹ̀kan náà, àmọ́ ẹ́múlétọ̀ ọgọ́rùn-ún lè jẹ́ hostid kan náà láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ohun tó ń ṣọ́ ìlérí tẹ́lẹ̀ ti lọ, ọ̀rọ̀ ẹnu oníbàárà nìkan ló kù. Mi ò fojú kéré rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó ń bẹ̀rù ni pípọ̀ tí ẹ̀dà ń pọ̀, kì í ṣe ṣíṣípò. Bí ó bá jẹ́ ìyẹn nìṣòro, ìyẹn ni kí àdéhùn dí: ẹ̀dà kan ní ń ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ àtijọ́ gbọ́dọ̀ dákẹ́, kí ẹ̀rí tó dájú sì wà pé ó dákẹ́.

Ilé Ẹjọ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti gba ọ̀nà yìí. Ní ọjọ́ 3 oṣù Keje 2012, nínú ẹjọ́ UsedSoft pẹ̀lú Oracle, ó dá a pé ẹni tó ra láísẹ́ǹsì tí kò ní ìparí lè tà á fún ẹlòmíràn, bí ó bá ti sọ ẹ̀dà tirẹ̀ di èyí tí kò ṣeé lò mọ́. Ẹ̀rí dídákẹ́ nìyẹn gan-an. Ẹjọ́ C-166/15, tó ti Latvia wá, tí wọ́n dá ní oṣù Kẹwàá 2016, wá súnmọ́ ọ̀rọ̀ wa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé ẹjọ́ ní ẹni tí díìsìkì àkọ́kọ́ rẹ̀ bàjẹ́ kò lè ta ẹ̀dà ìpamọ́ tó ṣe fúnra rẹ̀ láìgbàṣẹ. Àmọ́ ó fi kún un pé kò yẹ kí ẹ̀tọ́ ẹni náà tìtorí pé díìsìkì bàjẹ́ wọlẹ̀, ó sì sọ pé ó yẹ kó lè rí ẹ̀dà mìíràn gbà láti ọwọ́ ẹni tó ni iṣẹ́ náà. Àwọn tó ń ka ẹjọ́ yìí máa ń dúró síbi ìdájọ́ tó le, wọ́n á sì fo èyí tó tẹ̀lé e. Ìyẹn gan-an ló wúlò fún wa: bí díìsìkì tó bàjẹ́ kò bá lè gba ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ ẹni, kí ni bátìrì tó kú á fi gbà á?

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ náà há díẹ̀. Abala 117 nínú òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ wọn fún ẹni tó ni ẹ̀dà kan láǹfààní láti ṣe òmíràn bó bá pọn dandan kó tó lè lò ó, àmọ́ ìdájọ́ Vernor pẹ̀lú Autodesk ní 2010 jẹ́ kó ṣeé ṣe kí ilé-iṣẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé pé láísẹ́ǹsì lásán ni oníbàárà gbà, kò ni ẹ̀dà. Òfin 1998 tó lòdì sí fífọ́ ohun ìdáàbòbò wà níbẹ̀ pẹ̀lú, Ilé Ìkàwé Ìjọba Àpapọ̀ wọn sì máa ń yọ àwọn kan sílẹ̀ ní ọdún mẹ́ta-mẹ́ta. Dongle (ohun èlò kékeré tí wọ́n ń kì bọ kọ̀ǹpútà kí sọ́fítíwíà tó lè ṣí) tó bàjẹ́, tí kò sí òmíràn láti rà, wà lára ohun tí wọ́n yọ sílẹ̀ ní 2003. Ní 2018, wọ́n yọ àwọn ilé ìkàwé, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti ilé àkójọ sílẹ̀ fún títọ́jú sọ́fítíwíà tí kò sí lọ́jà mọ́. Lójú tèmi, ẹni tó fún QEMU ní hostid tirẹ̀ kò nílò ìyọsílẹ̀ kankan, torí kò fọ́ nǹkan kan. Kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n tà fún un ló fi ṣílẹ̀kùn. Mi ò rò pé gbogbo adájọ́ ló máa gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó bá wo VAX, ẹ̀rọ àtijọ́ mìíràn, á tún rí i pé láísẹ́ǹsì lè ṣòroó gbé láìjẹ́ pé hostid kankan wà níbẹ̀. Láti ìgbà ẹ̀dà 5.0 VMS, ètò ìṣiṣẹ́ VAX, ìwé kan tí wọ́n ń pè ní PAK ni oníbàárà Digital Equipment Corporation máa ń gbà, á sì tẹ ohun tó wà nínú rẹ̀ wọlé pẹ̀lú LICENSE REGISTER: ọjà, nọ́ńbà àṣẹ, iye yúníìtì àti lẹ́tà ìjẹ́rìí. Bí ẹ̀rọ bá ṣe tóbi tó ni yúníìtì tó ń jẹ ṣe ń pọ̀ tó. SIMH, tí Bob Supnik tó ti jẹ́ ọ̀gá ní Digital dá sílẹ̀, lè ṣe bíi MicroVAX 3900, PAK tó tọ́ sí ẹ̀rọ yẹn á sì wọlé síbẹ̀ láìjanpata. HP, tí Digital ti ipasẹ̀ Compaq bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀, tilẹ̀ ta láísẹ́ǹsì gbígbé fún àwọn tó ń lọ sórí ẹ́múlétọ̀. Ìyẹn ni pé ẹni tó ni ọjà gbà pé ó ṣeé gbé. Iye tí wọ́n máa gbà ló kù. Ohun tó dá gbogbo rẹ̀ dúró kì í ṣe ẹ̀rọ. Ní 2020, HPE, tó ya kúrò lára HP, kéde pé òun á fòpin sí láísẹ́ǹsì ọ̀fẹ́ ọlọ́dọọdún tí àwọn tó ń fi VMS ṣeré nílé ń gbà. VMS Software, ilé-iṣẹ́ tó ń bá OpenVMS (orúkọ tí VMS ń jẹ́ báyìí) lọ, ti fún èèyàn ní ti Alpha àti x86 rí, àmọ́ ẹ̀tọ́ láti fúnni ní ti VAX kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tó gbára lé láísẹ́ǹsì ọ̀fẹ́ yẹn ní ẹ́múlétọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, wọn ò sì rẹ́ni tí wọ́n máa bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Torí náà, ohun tí mo rò pé ó yẹ kí àwọn olùtọ́jú ṣe lónìí kì í ṣe kí wọ́n máa dúró de òfin. Kí wọ́n ka IDPROM SPARCstation wọn nígbà tí bátìrì ṣì gbé e, kí wọ́n tẹ báìtì 16 náà jáde, kí wọ́n fi í mọ́ license.dat àti rìsíìtì, kí wọ́n sì kọ ọjọ́ tí ẹ̀rọ àtijọ́ dákẹ́ sínú ìwé kan náà. Ìyọsílẹ̀ 2018 ń gba ilé ìkàwé tó ṣe bẹ́ẹ̀ là. Kò kan ilé-iṣẹ́ kékeré tí àwòrán afárá tó yà ní 1995 ṣì wà nínú fáìlì tí sọ́fítíwíà kan ṣoṣo lè ṣí, tó sì san gbogbo owó rẹ̀ nígbà náà.